Ẹ Ka Àwọn Tó Padà Sílé Náà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nà Ètò Ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin Kọmíṣọ́nà wa, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kó iye abẹ́rẹ́ àjẹsára jọ láti wọ́ọ̀dù títí dé Aláúsá,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti kọ lẹ́tà yìí. Kì í ṣe lẹ́tà ẹjọ́, n kò sì wá fi ẹnikẹ́ni sùn. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, ìṣirò tí èmi fúnra mi bá wọn ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó wá yé mi pé ìdajì rẹ̀ ni mò ń ṣe.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà, ní sẹ́ńtà ìlera kékeré kan láàárín Yábà sí Èbúté Mẹ́ta. Èmi kọ́ ni mò ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́. Èmi ni mo jókòó sídìí tábìlì, tí mò ń gba káàdì lọ́wọ́ ìyá ọmọ, tí mò ń kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì sínú ìwé ńlá, tí mo sì ń fi bírò fa ìlà la òdo kọjá lórí ìwé tálì. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí mọ ìwé tálì: òdo márùn-ún márùn-ún tí wọ́n tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọ kan gba abẹ́rẹ́, o fa ìlà sí òdo kan. Tí oṣù bá parí, o ka àwọn òdo tó ti ní ìlà, o kọ àpapọ̀ wọn, ìwé á lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, á ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Iye tí ẹ máa ń kà fún wa lórí rédíò nìyẹn. Òdo tèmi wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, arábìnrin Ẹ̀gùn kan wá láti Màkókò. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi dé etí omi, ó fi ẹsẹ̀ rin ìyókù, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, abọ́ ẹja yíyan wà lórí rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ gba ọ̀dọ̀ wa já sí ọjà Oyíngbò. Ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Àsìkò abẹ́rẹ́ èéyi, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní measles, ti tó, ti ibà pọ́njú, ìyẹn yellow fever, náà sì ti tó. Ọmọ mẹ́ta péré ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà tó tó abẹ́rẹ́ èéyi gbà. Ọmọ mẹ́wàá sì ni ìgò kan wà fún. Tí wọ́n bá ti po oògùn inú rẹ̀ pọ̀, wákàtí mẹ́fà ló ní láyé, ìyókù á di dídànù.

Nọ́ọ̀sì wo ìgò, ó wo ọmọ mẹ́ta. Ó ní kí àwọn ìyá padà wá ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí èrò á pọ̀. N kò bá a wí lọ́jọ́ náà, n kò sì ní bá a wí lónìí. Wọ́n máa ń bi í léèrè ìgò tó bá ṣòfò. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ọmọ tó padà sílé rí. Ìyá méjì padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Arábìnrin Màkókò kò padà wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo wo ìwé tálì mi, n kò rí ibi tí mo lè kọ ọ́ sí. Kò gba abẹ́rẹ́, òdo kankan kò kàn án. Kò kọ abẹ́rẹ́, kò sí lára àwọn tí a ń pè ní olóríkunkun. Ó wá, ó dúró, ó lọ. Lójú ìwé, kò wá rárá. Tí ẹnikẹ́ni bá wá dìde lọ́la tó ní àwọn ará Màkókò kì í fẹ́ gba abẹ́rẹ́, ìwé tèmi ló bá a pa irọ́ náà.

Ohun tó gbé mi dé iwájú yín nìyí. Abẹ́rẹ́ tó jáde nínú ìgò la mọ̀ ọ́n kà. A kò tíì mọ ènìyàn kà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìṣirò, nítorí ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ jò. Tí a bá ní ọmọ 90 nínú 100 ló ti gba abẹ́rẹ́, òkè ìṣirò ni àwọn òdo tí mo fa ìlà sí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ mélòó ló wà ní Èkó? Ọdún 2006 ni a ti ka gbogbo Nàìjíríà kẹ́yìn. Ìjọba àpapọ̀ ní ènìyàn 9,113,605 ló wà ní Èkó. Ìjọba Èkó ní rárá o, àwọn ka tiwọn, ó lé ní mílíọ̀nù 17. Ìjà yẹn kò tíì parí. Nídìí iṣẹ́ abẹ́rẹ́, 4 nínú gbogbo 100 ènìyàn àdúgbò la máa ń kà sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹ fi ti ìjọba àpapọ̀ ṣe é, ẹ ó rí ọmọ bí 364,500. Ẹ fi mílíọ̀nù 17 àtààbọ̀ ṣe é, ẹ ó rí 700,000. Ká wá sọ pé ọmọ 350,000 la gún lọ́dún kan. Lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́, a ti gún 96 nínú 100, ẹ jẹ́ ká pe onílù. Lọ́dọ̀ ti èkejì, ìdajì pérépéré ni, kí onílù máa lọ sílé. Òdo kan náà ni o, bírò kan náà. Mo mọ̀ pé ẹ kì í lo ti 2006 bó ṣe wà, ẹ máa ń bù kún un lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n orí ìjà lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí bù ú kún.

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tó bá ti bá wọn kan ilẹ̀kùn nígbà àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe ń dún lẹ́nu ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà agbo ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. O kúnlẹ̀, o kí wọn, o ní, "Mama, ọmọ mélòó ló wà nínú ilé yìí?" Wọ́n á wò ọ́ láti òkè délẹ̀. "Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe?" Ìgbà tó yá ni mo kọ́gbọ́n. Mo dẹ́kun bíbéèrè iye. Mo máa ń ní, "Mama, ta ló kéré jù nínú àwọn ọmọ yín?" Wọ́n á pe ìyẹn jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á tẹ̀lé e, ọmọ ayálégbé á tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n, kò ní pẹ́ tí agbo ilé á fi tú síta, a ó sì mọ iye wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kà wọ́n. Kò sí ẹ̀kọ́ yẹn nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa.

Nígbà yẹn, a máa ń fi ìǹkì sàmì sí ìka ọmọńdinrin ọmọ tó bá ti gba tirẹ̀, a ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ògiri ilé. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ náà lójú mi ni pé, lẹ́yìn tí a bá ti lọ tán, àwọn míì tí kò bá wa ṣiṣẹ́ á wá, wọ́n á yan ilé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní kí ọmọ na ìka. Tí ìka tí kò ní ìǹkì bá ti pọ̀ jù, wọ́n á ní ká padà lọ ṣe é. Inú wa kì í dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ gidi, èyí tí wọ́n ń pè ní wild polio, kò sí ní ilẹ̀ Áfíríkà mọ́, àwọn tó ń yẹ ìka wò yẹn ni mo kọ́kọ́ rántí. Wọn kò gba òdo tèmi gbọ́ lásán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbà á gbọ́ lásán fún àwọn abẹ́rẹ́ yòókù náà.

Lórí Erékùṣù, ọ̀nà míì ni ìṣirò gbà ń bàjẹ́. Ìdúmọ̀tà àti Balógun kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án, wọ́n dá lálẹ́. Obìnrin tó ń ta aṣọ níbẹ̀ lè máa sùn ní Ìkòròdú, tàbí kó tilẹ̀ kọjá sí Mówè ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ibi tó sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti ń gba abẹ́rẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Òkè ìṣirò Erékùṣù ló bọ́ sí, ìsàlẹ̀ ìṣirò Ìkòròdú ló ṣì wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rí ọmọ 110 tó gba abẹ́rẹ́ nínú ọmọ 100, tí Ìkòròdú á sì dà bí ìlú àwọn aláìgbọràn. Mo ti bi ọ̀gá mi kan léèrè rí pé àwọn ọmọ mẹ́wàá tó lé yẹn, ṣé inú ayé yìí ni wọ́n ń gbé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àdírẹ́sì ìyá wà nínú ìwé ńlá. Àpapọ̀ nìkan la máa ń fi ránṣẹ́.

Àpapọ̀ sì dà bí agbádá, kò jẹ́ kí a mọ ẹni tó sanra yàtọ̀ sí ẹni tó rù. Ìwádìí gbogbo gbòò tí wọ́n ṣe lórí ìlera ní Nàìjíríà ní 2018 ní ọmọ 31 péré nínú 100, lára àwọn tó wà láàárín oṣù 12 sí 23, ló ti gba gbogbo àjẹsára tó yẹ wọ́n. Èkó sàn ju ìyẹn lọ dáadáa, a sì ti ń fi ṣe yànga láti ìgbà náà. Èkó wo? Ṣé Ìkòyí ni, àbí ilé orí òpó ní Màkókò tó ń wo afárá Third Mainland lọ́ọ̀ọ́kán? Ṣé ọmọ Ẹ̀pẹ́tẹ́dó tí ìyá rẹ̀ bí sí ọsibítù, àbí èyí tí ìyá agbẹ̀bí gbà nílé ní Òkòbàbà? Àwọn ọsibítù aládàáni ńkọ́, tí àwọn míì nínú wọn ń gún ọmọ tí wọn kì í fi ìwé tálì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni?

Ẹ wo ti àwọn ọmọbìnrin. Ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ HPV, tó ń dáàbò bo ọmọbìnrin lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Èkó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un, fún ọmọ ọdún 9 sí 14. Iṣẹ́ gidi ni, mo kí yín fún un. Ilé ìwé ló sì rọrùn jù láti ti gún wọn: kíláàsì tò, tíṣà dúró, wọ́n na apá. Ṣùgbọ́n èwo nínú yín ló ti dúró ní Oyíngbò láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tí kò rí ọmọ ọdún mọ́kànlá tó gbé omi pure water sórí? Ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n mú wá láti ìlú míì, tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé nígbà tí àwọn ọmọ ọlọ́ọ̀gá wà nílé ìwé, ta ló kọ orúkọ rẹ̀? Èyí tó ń kọ́ṣẹ́ irun dídì lábẹ́ agboòrùn ńkọ́? Àwọn yìí ló jẹ́ pé, tí àìsàn yẹn bá mú wọn ní ogójì ọdún, wọn kò ní rí owó àyẹ̀wò, ìgbà tó bá ti bàjẹ́ tán ni wọ́n á tó dé ọsibítù. Tí ẹ bá sọ fún mi pé ọmọbìnrin báyìí báyìí ló gbà á, inú mi á dùn. Ẹ wá pín in sí méjì fún mi, èyí tó ń lọ sílé ìwé àti èyí tí kò lọ, ká lè mọ̀ bóyá ẹni tí ewu náà súnmọ́ jù la fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà kò gùn lẹ́nu mi. Nígbà tí abẹ́rẹ́ Kòrónà dé ní oṣù kẹta ọdún 2021, ìdúró orí ìlà ló lé baba tó ń fi ọ̀pá rìn. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ ló gbà á. A kò kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ibi tó ṣòro jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í tilẹ̀ ṣe ẹni tó gbà á, bí kò ṣe bó ṣe ṣiṣẹ́ lára ẹni tó gbà á. Ọjà ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́, ẹ̀yin lẹ kò wá jẹ́jọ́. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a. Ká sọ pé ọmọ 100 wà ní agbo ilé ńlá kan. Ọmọ 90 ti gba abẹ́rẹ́ èéyi, ọmọ 10 kò gbà. Èéyi wọ ilé. Nínú àwọn 10 yẹn, 8 dùbúlẹ̀. Nínú àwọn 90, 9 dùbúlẹ̀. Ìyá Alágbo á ka àwọn tó dùbúlẹ̀, á ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Mẹ́sàn-án ló gba abẹ́rẹ́, mẹ́jọ ni kò gbà. Abẹ́rẹ́ náà ló ń fà á." Kò purọ́, mẹ́sàn-án ju mẹ́jọ lọ. Ohun tí kò kà ni àwọn tó ń ṣeré nínú àgbàlá. Nínú mẹ́wàá tí kò gbà á, mẹ́jọ ló dùbúlẹ̀. Nínú mẹ́wàá mẹ́wàá tó gbà á, ẹyọ kan. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo ọmọ mẹ́jọ tí ìbá ṣàìsàn, abẹ́rẹ́ yọ méje. Mo ti fi òkúta wẹ́wẹ́ to ìṣirò yìí sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ní ẹ̀gbẹ́ẹ kànga, ó yé wọn ju bó ṣe yé àwọn akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi lọ. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ ni mo lò. Iye gidi ti Mushin, ti Ìwáyà, ti Lafiaji, ọwọ́ yín ló yẹ kó ti wá: nígbà tí ọmọ bá dùbúlẹ̀, kí a béèrè káàdì rẹ̀, kí a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò bóyá èéyi ni lóòótọ́, kí a sì wá fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àwọn tó ti gbà á ní àdúgbò yẹn gan-an.

Abẹ́rẹ́ kò sì ṣèlérí pé òun á ṣiṣẹ́ bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Abẹ́rẹ́ èéyi tí a ń gún nígbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án máa ń mú lára ọmọ bí 85 nínú 100. Nítorí àwọn 15 yòókù la ṣe ń ní kí wọ́n padà wá nígbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyá tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé ìyẹn fún á rò pé ṣe la kàn ń dà á láàmú. Àjẹsára ìgbẹ́ gbuuru tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu, rotavirus, ti hàn pé kì í ṣiṣẹ́ ní àwọn ìlú tí kò rí jẹ tó bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ìlú olówó. BCG tí a ń gún ọmọ tuntun nítorí ikọ́ ife, níbi tí wọ́n ti wádìí rẹ̀, ó gba ènìyàn 80 nínú 100 sílẹ̀ níbì kan, níbòmíràn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ẹnì kankan. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, kí ló dé tí a fi rò pé ohun tó ṣe lára ọmọ Ìkòyí náà ló máa ṣe lára ọmọ tí oúnjẹ kò kánú, tí omi ìdọ̀tí wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀?

Ibì kan tún wà tó yẹ kí a ṣọ́ra. Tí ẹ bá mú ọmọ Ìkòyí tó gba abẹ́rẹ́, tí ẹ fi wé ọmọ Màkókò tí kò gbà, abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ lẹ ń wọ̀n. Omi wà níbẹ̀, ẹran wà níbẹ̀, yàrá tí ènìyàn méjì ń sùn àti èyí tí mẹ́sàn-án ń sùn wà níbẹ̀. Inú agbo ilé kan náà, lójú pópó kan náà, ni kí ẹ ti wá ẹni tó gbà á àti ẹni tí kò gbà á. Tí ẹ bá sì rí wọ́ọ̀dù tí àwọn tó gbà á ti ń ṣàìsàn bí àwọn tí kò gbà á, kí ẹ tó dá ìyá lẹ́bi, ẹ lọ wo fíríìjì. Kò yẹ kí ọ̀pọ̀ oògùn wọ̀nyí kúrò láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n òtútù Celsius. Ẹ̀yin náà ń gbé Èkó, ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Àmì kékeré tó ń yí àwọ̀ wà lára ìgò, tí ooru bá ti pa oògùn, á fi hàn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ìka bò ó.

Kì í ṣe àwa la ó kọ́kọ́ wá ènìyàn dé ibi tó wà. Nígbà tí Olóde (àrùn smallpox), ẹni tí a kì í dárúkọ lọ́sàn-án gangan, ń pa ìlú yìí, Dókítà Ògúntọ́lá Sàpàrà kò jókòó sí ọ́fíìsì kó máa retí àpapọ̀. Ìtàn ní ṣe ló wọ ẹgbẹ́ àwọn abọ̀rìṣà Ṣọ̀pọ̀ná lọ ní bòńkẹ́lẹ́ kó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń ràn láti ilé dé ilé. Ní ìparí ọdún 1966 ẹ̀wẹ̀, ní agbègbè Ògójà, nígbà tí abẹ́rẹ́ kò tó gbogbo ènìyàn, ibi tí àrùn wà gan-an ni wọ́n wá lọ, wọ́n gún àwọn tó yí i ká, ó sì kú níbẹ̀. Mímọ̀ ibi tó wà ló ràn wọ́n lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ kò pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe é báyìí. Ẹ fi àyè kan kún ìwé tálì fún ẹni tó wá tí a ní kó máa lọ, àti ìdí tí a fi ní kó máa lọ. Ẹ tẹ iye wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan jáde, òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí àwa ará àdúgbò lè sọ fún yín tí ìsàlẹ̀ náà kò bá jọ wá lójú. Ẹ fi ibi tí ọmọ ń sùn ṣe ìṣirò, ẹ yé fi ibi tí ìyá ti ń tajà ṣe é. Ẹni tó gbọ́ Ẹ̀gùn ni kí ẹ rán sí Màkókò, kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ fún àwọn nọ́ọ̀sì ní àṣẹ lórí ìwé pé kí wọ́n ṣí ìgò kódà bó jẹ́ ọmọ kan ló wà nílẹ̀. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé náà nìyẹn, ìbẹ̀rù ìgò tó ṣòfò ni kò jẹ́ kó dé sẹ́ńtà. Tí ẹ bá sì rí i pé ẹ̀yà kan tàbí àdúgbò kan ló kéré jù, ẹ má ṣe fi orúkọ wọn ṣe àkọlé ìwé ìròyìn. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ lọ bá wọn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ arábìnrin yẹn, mo ra ìwé ìkọ̀wé kan ní Oyíngbò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ gbogbo ẹni tó bá wá tí a ní kó padà sínú rẹ̀: orúkọ, àdírẹ́sì, ìdí, àti àyè kan fún ọjọ́ tó bá padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo sì gbé e wá sílé. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, mo ṣe tán láti mú un wá sí Aláúsá fúnra mi. Ìlà àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ nìkan ni kò ní orúkọ, torí pé n kò béèrè lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni: ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, Màkókò, èéyi àti ibà pọ́njú, ọmọ mẹ́ta péré ló wà nílẹ̀. Àyè ọjọ́ tó padà wá ṣì ṣófo.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì,
Èbúté Mẹ́ta, Èkó.